Igbó Etí Omi Tí Mo Ṣán

Ẹ má bi mí bí mo ṣe dé Ìdànrè. Ẹni tó bá ti sọdá bọ́dà rí mọ̀ pé kò sí adùn nínú ìtàn yẹn, ẹni tí kò bá sì sọdá rí kò ní gbà á gbọ́. Kétu ni wọ́n bí mi sí, Kétu tó wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Nígbà tí mo ń bọ̀, mo ní inú Yorùbá ni mo ti ń lọ sínú Yorùbá, kí ló tún fẹ́ yà mí lẹ́nu? Irọ́ ni mo ń pa fún ara mi.

Àpáta ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Nílé wa, ojú ẹni máa ń ríran lọ títí ilẹ̀ yóò fi pàdé ọ̀run. Ní Ìdànrè, ibi yòówù tí mo bá kọjú sí, àpáta dúdú kan ti dúró síbẹ̀ ṣáájú mi, ó ń wò mí bí ìyá ọkọ. Mi ò lè sùn fọkàn balẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí mo ń rò pé ọ̀kan nínú wọn yóò yí lù mí mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn àpáta ni ọ̀rọ̀ ẹnu. Mo lọ ra iyọ̀ lọ́wọ́ ìyá kan, mo kúnlẹ̀, mo kí i dáadáa. Ó pariwo pé, "Ẹ wá gbọ́ o, Ègùn yìí gbọ́ Yorùbá!"

Mo ní, "Màmá, èmi kì í ṣe Ègùn. Ọmọ Odùduwà ni mí. Kétu kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn nínú àwọn ọmọ rẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, ó bu iyọ̀ díẹ̀ sí i fún mi. Ó ní, "Ègùn náà tún lẹ́nu." Mo gba iyọ̀ mi, mo dúpẹ́. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ọdún méjì ni mo fi ṣe alágbàṣe nínú oko kòkó ní Atosin. Iṣẹ́ yẹn kọ́ mi ní nǹkan kan tó padà wá ṣàkóbá fún mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ó yé yín. Tí olóko bá dé inú oko, kì í kọ́kọ́ wo ojú alágbàṣe. Ìdí igi kòkó ni yóò wò. Bí koríko kan bá yọjú níbẹ̀, ọ̀lẹ ni ọ́. Bí ilẹ̀ bá mọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí èèyàn lè da ẹ̀wà sílẹ̀ kí ó sì ṣà á tán láìku ẹyọ kan, ìwọ lọ̀gá. Èmi lọ̀gá. Àwọn ọkùnrin tí a jọ wá láti Kétu ń pè mí ní Ìyá Àdá, orúkọ náà sì ń dùn mọ́ mi ju orúkọ àbísọ lọ.

Bàbá Akíndé, ẹni tí mo gba yàrá nílé rẹ̀, ló sọ iṣẹ́ ìjọba fún mi. Ọdẹ ni tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo dé, ó ti di ẹni tó ń ṣọ́ ohun tó ń pa lánàá, ìjọba ló gbà á láti máa wo ipa ẹsẹ̀ ẹran nínú igbó. Iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn ni. Tí òjò bá ti kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á kọ orúkọ èèyàn mẹ́wàá, a ó sì kó lọ gbé àgọ́ nínú igbó. Tí òjò bá padà dé, wọ́n á ní ká máa relé. Láàárín ìgbà méjèèjì, àwa la ń tọ́jú ilé fún àwọn ẹran inú igbó ìjọba, lápá ibi tí igbó ti ń na ọwọ́ lọ sí Ofosu. A ń ṣán ọ̀nà gbalasa yí igbó ká kí iná àwọn àgbẹ̀ má baà rí ibi wọlé. A ń kó ewé àti ẹrẹ̀ kúrò nínú àwọn ọ̀gọ̀dọ̀ kí ẹran lè rí omi mu. A ń tú wáyà àwọn adẹpàkúté kúrò lára igi. A sì ń tọ́jú èèhù àpọ̀n àti ọ̀pọ̀tọ́ tí ẹran ń jẹ èso wọn, de ìgbà tí a ó gbìn wọ́n.

Nígbà tí mo sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé ìjọba ló gbà mí láti máa tún omi ṣe fún ẹfọ̀n, ó dákẹ́ títí mo fi rò pé káàdì mi ti tán. Ó wá ní, "Ṣé orí ẹ pé níbẹ̀ yẹn?"

Mo ní ó pé.

"Ṣé ẹfọ̀n tó wà níbẹ̀ kò mọ ọ̀nà odò fúnra rẹ̀ ni?"

Gbogbo àgọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ má bínú, ó yẹ kí n ti ṣàlàyé. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí ní àgọ́ wa àfi lórí àpáta kékeré kan lẹ́yìn ibi ìdáná, fóònù mi sì ti bàjẹ́, kì í sọ̀rọ̀ àfi tí mo bá fi í sí gbangba. Tí mo bá ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀, gbogbo àgọ́ ló ń bá a sọ̀rọ̀. Àwọn kan máa ń kí i láti ìsàlẹ̀, òun náà á máa ṣàdúrà fún wọn.

Ó rí bákan láti máa gbé ní ibi tí ẹnikẹ́ni kò ní kí o wá. Tí mo bá wà ní Ìdànrè, ọkàn mi á wà ní Kétu. Mo lọ sí Kétu lẹ́ẹ̀kan nígbà òjò, kò pé ọjọ́ mẹ́ta tí ara mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mí bí ẹni tó jókòó lórí èèrà. Àwọn ará ilé ń pè mí ní ará Nàìjíríà. Wọ́n ní mo ti ń gbé ohùn sókè, wọ́n ní mo ti ń fi ata pa èèyàn. Mi ò mọ ibi tí mo ti ń kọ́ ọ. Àpò mi kì í tú tán níbi kankan. Aṣọ méjì á wà lórí okùn, ìyókù á wà nínú àpò, bí ẹni pé ẹnì kan ń bọ̀ wá ké sí mi pé ó yá, ìdìde ti tó.

Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ Àbẹ̀kẹ́ wá le. Ọmọ mi ni Àbẹ̀kẹ́, ọmọ ọdún méje, ọwọ́ ìyá mi ni mo fi í sí. Bàbá rẹ̀ ti kú kí ó tó rìn. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin tó ń gbé Kútọnu bẹ̀rẹ̀ sí í wá béèrè rẹ̀, ó ní òun fẹ́ mú un lọ sí ìlú ńlá. A mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nílé wa. Ọmọ yẹn á máa fọ abọ́ wọn, á máa pọn ọmọ wọn, á máa kiri ọjà wọn, ilé ìwé á sì di ìtàn.

Ìyá mi ní, "Mo ti kọ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, ẹsẹ̀ mi ò gbé mi. Wọ́n ní ìyá rẹ̀ dà? Ṣé kí n ní ó wà nínú igbó lọ́dọ̀ ẹfọ̀n? Bí o bá ní ilé tí o lè fi ọmọ yìí sí kí òjò tó le, wá mú un. Bí o ò bá ní, ẹnu mi ti tán o."

Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó kí i láti ìsàlẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ látorí àpáta, gbogbo wọn ń wo iná. Sùnmọ́nù nìkan ló sún jìnnà díẹ̀ kí n lè ráyè jókòó.

Ilé kan wà, ìyẹn ló ń dà mí láàmú. Ilé yàrá méjì ni, lẹ́nu ọ̀nà igbó lápá ìlú, níbi tí a ti ń tọ́jú èèhù igi. Ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kò jìnnà síbẹ̀. Ọ̀gá Dáre, olórí wa, ti sọ pé wọn yóò fi ẹnì kan nínú àwa mẹ́wàá sílẹ̀ nígbà òjò láti máa tọ́jú àwọn èèhù, onítọ̀hún ni yóò sì máa gbé ilé náà. Gbogbo wa la mọ ẹni tí yóò jẹ́. Sùnmọ́nù ni. Ará Ìgànnà ni, ó ti ṣe ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta níbẹ̀, ewé tí kò tíì là dáadáa ni ó máa fọwọ́ kàn tí á sọ orúkọ igi rẹ̀ fún ọ. Kì í yára, kì í sì í dúró. Bàtà róbà rẹ̀ ti ya, wáyà ló fi dì í. Mo fẹ́ràn rẹ̀, ìyẹn ló sì burú jù nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ọjọ́ Àìkú ni mo ṣe é. A kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn aláṣọ funfun ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì wọn, àwọn yòókù ń fọṣọ, Sùnmọ́nù ní òun ń lọ kí ẹ̀gbọ́n òun ní Ofosu. Mo mú àdá, mo gba ọ̀dọ̀ ọ̀gọ̀dọ̀ tó tóbi jù lọ, èyí tí àwọn ẹfọ̀n ń mu. Ẹrẹ̀ inú rẹ̀ ni wọ́n ní ká kó, a sì ti kó o. Ṣùgbọ́n etí omi náà kún fún igbó, ewéko ti lọ́ mọ́ra wọn, ojú sì tì mí fún wa. Mo ní bí ọ̀gá bá dé lọ́la tí ó bá rí ibí yìí bí ó ṣe mọ́, yóò béèrè ẹni tó ṣe é, èmi yóò sì dáhùn wẹ́rẹ́ bí ìyàwó tuntun. Yóò mọ̀ pé Ìyá Àdá wà níbí.

Mo ṣán an. Mo ṣán an láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi yẹ àtàrí. Mo gé gbogbo ìtàkùn, mo kó wọn jìnnà, mo fi ewé gbá ilẹ̀. Nígbà tí mo ṣe tán, omi náà jókòó ní gbangba bí abọ́ lórí tábìlì. Inú mi dùn débi pé mo kọrin padà sí àgọ́.

Ní Ọjọ́ Ajé, Bàbá Akíndé ló ṣáájú wa débẹ̀, ọ̀gá tẹ̀ lé e. Bàbá dúró. Ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀, ó rìn lọ sí ibi tí igbó kù sí, ó tún kúnlẹ̀.

Ó ní, "Àwọn ẹfọ̀n dé ibí lóru àná. Wọ́n yọjú wo ìta, wọ́n sì padà. Kò sí ọ̀kan tó mu omi."

Ọ̀gá Dáre wo ilẹ̀ yíká. "Ta ló ṣe irú eléyìí?"

Ẹ̀rín ti wà lẹ́nu mi, mo ti ya ẹnu láti dáhùn. Bàbá ló ṣáájú mi. Ó ní, "Iṣẹ́ ọdẹ nìyí. Ẹni tó bá fẹ́ yìnbọn ló ń ṣí ojú ilẹ̀ báyìí, kí ẹran má baà rí ibi sá pamọ́ sí. Ẹ má wò mí, èmi náà ti ṣe é rí."

Mo pa ẹnu mi dé. Mo rò pé ṣe ni mo kàn fẹ́ mí díẹ̀ kí n tó sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ti ní kí gbogbo wa padà sí àgọ́, kí oníkálukú tú àpò rẹ̀ sílẹ̀. Wáyà wà nínú àpò Sùnmọ́nù, ìdì kan gbáko.

"Bàtà ni mo fi ń dì, ọ̀gá," ó ní, ó gbé ẹsẹ̀ sókè.

"Níbo lo wà lánàá?"

"Ofosu, sà."

"Ọ̀nà wo lo gbà?"

Ó rọra gbé ẹsẹ̀ náà sílẹ̀. "Ọ̀nà etí omi."

Ọ̀gá wò ó. "O rí ẹnì kan níbẹ̀?"

Mo ń wo ẹsẹ̀ ara mi. Mo gbọ́ tí Sùnmọ́nù ní, "Rárá, sà."

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó nà án, kò sẹ́ni tó pe ọlọ́pàá. Ọ̀gá kàn ní kí ó kó ẹrù rẹ̀, pé òun ò lè fi ológbò ṣọ́ ẹja. Ó kó o. Ó kí gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ní, "Kú iṣẹ́ o, Ìyá Àbẹ̀kẹ́." Mo ní, "O dàárọ̀," ní ọ̀sán gangan. Bẹ́ẹ̀ ni ahọ́n mi ṣe dà rú tó.

Ẹ ti mọ èyí tó kù. Èmi ni wọ́n fún ní ilé yàrá méjì náà, torí gbogbo àgọ́ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọ mi. Mo lọ mú Àbẹ̀kẹ́ wá. Ó jókòó sórí ibùsùn, ó fò sókè sódò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó béèrè ta ni a jọ ń sùn níbẹ̀. Mo ní èmi àti òun nìkan ni. Ó bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Lóṣù kan ó ti ń bá àwọn ọmọ Ìdànrè jà ní èdè wọn. Kò sẹ́ni tó ń pè é ní Ègùn. Mo tú àpò mi tán pátápátá fún ìgbà àkọ́kọ́, mo kó aṣọ sórí pẹpẹ. Mo sì ń rìn káàkiri inú yàrá méjèèjì bí ẹran tí wọ́n so mọ́lẹ̀. Mo á gbé ìkòkò kaná, mo á gbàgbé rẹ̀. Mo á bomi rin èèhù tí òjò ti rọ̀ sí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Mo máa ń bi ara mi pé, ogún ọdún kẹ̀? Èmi ò lè ṣe oṣù mẹ́rin.

Sùnmọ́nù kò kúrò nílùú. Ó ń fi ọ̀kadà ọlọ́kadà ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, mo jáde láti lọ mú Àbẹ̀kẹ́ ní ilé ìwé, mo bá ọmọ náà lórí ọ̀kadà lẹ́nu ọ̀nà, Sùnmọ́nù ti fi ẹ̀wù òjò tirẹ̀ bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Omi ń ṣàn lójú òun fúnra rẹ̀. Ó ní kí n má san nǹkan kan.

Mo ní kí Àbẹ̀kẹ́ wọlé. Mo ní, "Sùnmọ́nù, èmi ni mo ṣán etí omi yẹn."

Ó ní, "Mo mọ̀."

"O mọ̀ báwo?"

"Mo rí ẹ. Mo kọjá lẹ́yìn rẹ, ò ń gbá ilẹ̀, ò ń kọrin."

Mo di férémù ilẹ̀kùn mú. "Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ta ni kò gbọ́ ohun tí ìyá rẹ sọ lórí àpáta?" ó ní. Ó nu ojú rẹ̀. "Àwọn ọmọ tèmi ti dàgbà. Ó ti parí. Má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mi ò sùn. Ká ní ó bú mi ni, mo lè bú u padà, ọ̀rọ̀ á sì tán níbẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo lọ bá Ọ̀gá Dáre. Ó ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Mo kọ ọ́ ní Faransé, torí òun nìkan ni wọ́n kọ́ mi láti kọ ní ilé ìwé. Ó yí ìwé náà síwá sẹ́yìn, ó ní kí n kà á ní Yorùbá, ó sì pe Bàbá Akíndé àti àwọn tó wà nítòsí wá gbọ́. Mo kà á tán. Bàbá Akíndé mi orí. Ó ní, "Ọma mi, ugbó kì í ṣe oko. Àṣejù ni baba àṣetẹ́."

Ọ̀gá ní, "Igbó tí o ṣán, àṣìṣe ni. Ká ní o sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ṣe ni mo máa kọ́ ẹ bí a ṣe ń ṣe é, yóò sì tán. Ẹnu tí o pa mọ́ ni mi ò lè gbà." Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan láti fi ilé sílẹ̀. Ó ránṣẹ́ pe Sùnmọ́nù.

Sùnmọ́nù wá gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Inú ń bí i gan-an. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Mo fún ẹ ní nǹkan," ó ní, "o wá dá a padà sí mi lójú gbogbo ayé. Ṣé nítorí mi lo ṣe lọ sọ, àbí nítorí kí ìwọ lè sùn?"

Mo ní, "Nítorí méjèèjì."

Ó wo Àbẹ̀kẹ́ tó gbé àpò ilé ìwé rẹ̀ kọ́rùn, tó dúró ti ẹrù.  Ó gba kọ́kọ́rọ́, ó sì bá wa gbé àpótí dé títì.

Mo padà sí oko kòkó ní Atosin. Ahéré ni wọ́n fún wa. Àbẹ̀kẹ́ ń jí ní kùtùkùtù kí ó lè rìn dé ilé ìwé, mo máa ń sìn ín dé ìdajì ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi sá fún fóònù ìyá mi. Àwọn ará Kútọnu ti tún wá bi í bóyá ọmọ náà ní ilé gidi lọ́dọ̀ mi, mo mọ̀. Nígbà tí n kò lè sá mọ́, mo pè é.

Ó ní, "Ṣé o ṣì ní ilé yẹn?"

Mo fẹ́ ní mo ní i. Mo ní, "Rárá, Ìyá. Mo pàdánù rẹ̀. Mo jẹ́ kí ẹnì kan ru ẹ̀bi mi, mo sì lọ jẹ́wọ́. Ahéré inú oko la wà."

 

"Ahéré náà ní òrùlé?" ó béèrè.

"Ó ní."

"Ṣé kò jò?"

"Ó ń jò níbì kan."

"Gbé abọ́ síbẹ̀," ìyá mi ní. "Kí ọmọ mi sùn sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Bí wọ́n bá padà wá, mo mọ ohun tí mo máa sọ fún wọn."